Ọmú ajá ọlọ́mọ: bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, àti ohun tí a ó ṣe bó bá wú

Ọmú mẹ́wàá ni ọ̀pọ̀ abo ajá máa ń ní, márùn-ún lápá ọ̀tún, márùn-ún lápá òsì. Òmíràn ní mẹ́jọ, òmíràn ní méjìlá, kò sí àléébù níbẹ̀. Ìlà méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láti àyà, wọ́n sì parí sí abẹ́ ìtan. Àwọn tó wà lẹ́yìn, nítòsí ìtan, ló tóbi jù, àwọn ló sì ń fún ọmọ ní omi ọmú jù. Níbẹ̀ náà ni ìyọnu ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré lẹ ní láàárọ̀, ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

A ní kí ẹ fọwọ́ kàn án, a ò ní kí ẹ wò ó. Irun àti àwọ̀ dúdú máa ń bo pípọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní Kétu àti Sábẹ, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló ń sin ajá ọdẹ tàbí ajá tó ń ṣọ́ agboolé, tí wọn kì í yẹ abẹ́ rẹ̀ wò títí ọmọ ajá yóò fi máa ké lóru. Nígbà tí ọmọ bá ń ké, ọmú ti ń gbóná láti ọjọ́ kan tàbí méjì sẹ́yìn. Ọwọ́ ì bá ti mọ̀ ọ́n.

Kí ó tó bímọ

Oyún ajá máa ń tó ọjọ́ 63, ó lè fi ọjọ́ díẹ̀ dín tàbí kó fi díẹ̀ lé. Bó bá ku bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gé irun gígùn tó yí orí ọmú ká kí ọmọ lè rí i gbá mú, kí ìdọ̀tí má sì rọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ tí kì í ta èèyàn lára fọ abẹ́ rẹ̀, ẹ ṣàn án dáadáa, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ má fi Dettol tàbí javel, omi tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun, kan ọmú. Ọmọ ló máa lá a.

Ilẹ̀ pupa wa dára fún àgbàdo, kò dára fún ọmú ajá. Ajá fẹ́ràn láti gbẹ́ kòtò sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù kó sì bímọ síbẹ̀, pàápàá nígbà ooru. Eṣinṣin kan wà tó máa ń yé ẹyin sínú iyẹ̀pẹ̀ tí ìtọ̀ ti rin. Ìdin rẹ̀ á wọ abẹ́ awọ ọmọ ajá, á sì wọ abẹ́ ìyá náà. Ó máa ń dà bí oówo, àwọn kan á sì rò pé ọmú ló ń ṣàìsàn. Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni pé ihò kékeré kan wà lórí rẹ̀ gangan, ìyókù ọmú náà sì rọ̀. Ẹ fi òrí tàbí faselíìnì bo ihò yẹn fún bí ìṣẹ́jú 20. Ìdin náà kò ní rí èémí mí, á yọrí síta, ẹ ó sì fi ìka méjì tì í jáde lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Ẹ má fà á já sínú, nítorí ìyókù rẹ̀ ló máa di ọyún. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ ojú ibẹ̀: ṣíbí tíì kan iyọ̀, kí ó pẹrẹsẹ, nínú ìdajì lítà omi tó ti hó tó sì ti tutù.

Nítorí náà, orí sìmẹ́ǹtì tàbí pákó ni kí ẹ tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí, níbi tí òjò kò lè dé. Ìró àlòkù tí ẹ ká ní ìlọ́po mẹ́rin dára ju ohunkóhun lọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sórí okùn, kì í ṣe sórí koríko, kí ẹ sì fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́ kí ẹ tó tẹ́ ẹ padà. Ayọ́ọ̀nù ló ń pa ẹyin eṣinṣin yẹn. Ẹ má lo ìyẹ̀fun pákó. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ orí ọmú tó tutù, ó sì máa ń dí i.

Ọjọ́ àkọ́kọ́

Omi ọmú àkọ́kọ́ máa ń ki, ó sì máa ń pọ́n díẹ̀ bí àgbàdo tuntun. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ẹ má fún un dànù. Inú rẹ̀ ni ohun tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ àrùn wà, ìfun ọmọ ajá kò sì lè gbà á mọ́ lẹ́yìn bí ọjọ́ kan. Kí olúkúlùkù ọmọ ti mu ún kí wákàtí 12 tó pé.

Bí ó bá ti bí wọn tán, ẹ fọ ọwọ́ yín, kí ẹ sì fún orí ọmú kọ̀ọ̀kan díẹ̀ kí ẹ rí i bóyá ó ń kán. Èyí tí kò bá kán, ẹ fi aṣọ lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún, nítorí omi ọmú tó gbẹ lè dí ojú rẹ̀. Òmíràn kò ní kán láéláé, bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn.

Ẹ ṣọ́ ajá tó bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta péré ju èyí tó bí mẹ́jọ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà làwọn èèyàn ń ronú òdìkejì. Ọmọ mẹ́jọ á fa gbogbo ọmú. Ọmọ méjì á yan ọmú méjì tí wọ́n fẹ́ràn, ìyókù á sì kún títí tí yóò fi le. Ẹ máa gbé àwọn ọmọ náà sí orí ọmú tí wọn kò fà, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lóòjọ́.

Àyẹ̀wò àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ má bì í ṣubú. Abo ajá ọlọ́mọ tí kò gé ẹnikẹ́ni jẹ rí lè gé yín jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án láti ọmú tó wà lẹ́yìn lọ síwájú, ẹ sì máa fi èyí wé èkejì rẹ̀ tó dojú kọ ọ́. Kò sí ọmú tí kì í gbóná díẹ̀ nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Ohun tí ẹ ń wá ni èyí tó gbóná ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ ẹ́. Ọmú tó kún tó sì dá ṣáṣá máa ń rọ̀ bí omi inú ọ̀rá tí èèyàn ti mu ìdajì rẹ̀. Èyí tó ń ṣàìsàn máa ń le bí ọsàn àìpọ́n, bí ẹ bá sì tẹ̀ ẹ́, ajá á yíjú wo ọwọ́ yín, á sún ìdí sẹ́yìn tàbí kó kùn.

Bí ọ̀kan bá ṣe yín ní iyèméjì, ẹ fún un kán ẹ̀ẹ̀mejì sínú àwo funfun. Omi ọmú tó dára máa ń funfun, ó sì máa ń ṣàn. Tó bá ń fà bí ilá, tó ní kókó bíi wàrà Fúlàní tó fọ́, tàbí tó jọ àwọ̀ ewé, tó pọ́n bí omi ẹran tí a fọ̀, tàbí tó ń rùn, àrùn ti wọlé. Ẹ rántí pé pípọ́n díẹ̀ bí àgbàdo tuntun ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe àrùn.

Ìwọ̀n àwọn ọmọ ni ẹlẹ́rìí kejì. Òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìyẹ̀fun tó. Ọmọ ajá tó ń jẹ yó gbọ́dọ̀ máa wúwo sí i lójoojúmọ́, kí ìwọ̀n rẹ̀ sì ti di ìlọ́po méjì láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Bí gbogbo wọn bá dúró sójú kan lọ́jọ́ kan náà, ẹ má wo ọmọ, ẹ wo ìyá.

Ẹ ní tẹmọ́mítà kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ajá. Ẹ fi òrí pa orí rẹ̀, ẹ ki í bọ ihò ìdí ní bíi sẹ̀ǹtímítà méjì títí tí yóò fi dún. Láti 38 sí 39.2 ni ìgbóná ara ajá tó dá ṣáṣá. Ní ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn ìbímọ, ó lè dé 39.5 láìsí àrùn. Bó bá kọjá 39.5 tí ọmú kan sì le, lọ́jọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ pe dókítà ẹran. Bó bá kọjá 40, ẹ má dúró de ọ̀la. Bó bá wá ṣubú sí ìsàlẹ̀ 37.5 nígbà tí ajá ń ṣàìsàn, ìyẹn burú ju ibà lọ, torí ara rẹ̀ ti ń jọ̀wọ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀nà tí àrùn ń gbà wọlé

Èékánná ọmọ ló ń ṣe é jù. Ọmọ ajá máa ń fi ọwọ́ méjèèjì gún ọmú bí ẹni ń po ìyẹ̀fun kí omi lè jáde, èékánná rẹ̀ sì mú bí abẹ́rẹ́. Láti ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa fi ohun ìgékánná ọmọ ọwọ́ gé ṣóńṣó orí rẹ̀ tó tẹ̀ kọdọrọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ má gé e dé ibi tó pupa. Eégbọn náà máa ń dá ojú sí awọ ọmú; ẹ fi ọwọ́ tu ú, ṣùgbọ́n ẹ má da oògùn eégbọn sí abẹ́ ajá tó ń fọ́mọ lọ́mú láìbéèrè.

Nígbà ọyẹ́, awọ orí ọmú máa ń sán. Ẹ fi òrí tí kò ní lọ́fínńdà pa á fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti mu yó. Róòbù, kẹ́rósìn, eérú àti àgbo tó ń ta kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ọyẹ́ yẹn náà ló ń pa ọmọ lóru. Kí ibùsùn wọn máa lọ́wọ́ọ́wọ́, bí 30 lórí tẹmọ́mítà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí ọmú bá ti wú

Ohun méjì ló jọra, ìtọ́jú wọn ò sì jọra. Ọmú lè kún jù láìsí àrùn: ó le, ó ń dùn ún, àmọ́ omi rẹ̀ funfun, ajá ń jẹun, ara rẹ̀ kò sì gbóná. Tó bá wá ní ibà, tí kò jẹun, tó ń sá fún ọmọ, tí omi ọmú sì bàjẹ́, kòkòrò àrùn ti wà nínú rẹ̀. Èkíní lè di èkejì láàárín ọjọ́ kan, ìdí nìyẹn tí a fi ń tètè tú u.

Bí a ṣe ń tú u rèé. Ẹ rí i pé omi náà gbóná bí èyí tí ẹ fi ń wẹ ọmọ ọwọ́. Ẹ fi ìgúnpá yín dán an wò. Ẹ rẹ aṣọ mímọ́ sínú rẹ̀, ẹ fún un, ẹ gbé e lé ọmú náà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, ẹ sì máa rẹ ẹ́ padà bó bá ti tutù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka gbá ìdí ọmú náà mú lókè, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ bọ̀ wá sísàlẹ̀ títí dé orí rẹ̀. Ẹ má fa orí ọmú bí ẹni ń fún màlúù. Kò ní mú omi jáde, ẹran ara inú rẹ̀ ló máa ya. Ẹ fún un sínú ife, kì í ṣe sórí ibùsùn, kí ẹ sì dà á nù síbi tí ajá mìíràn kò ti ní lá a. Ẹ ṣe é ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin sí mẹ́fà-mẹ́fà. Àwọn ọmú tó dá ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, èyí tó ń ṣàìsàn ló kẹ́yìn, aṣọ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Aṣọ gbígbóná wà fún ọmú tí ọmọ yóò ṣì fà. Èyí tí a fẹ́ kí ó gbẹ, aṣọ tútù ni, a kì í sì í fún un. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé èèyàn á máa fún ọmú ajá tí wọ́n ti já ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọmú, á sì máa yà á lẹ́nu pé omi kò tán. Fífún gan-an ló ń pe omi mìíràn wá.

Bí ọmú bá di aláwọ̀ àlùkò tàbí dúdú, tó wá tutù ju àwọn yòókù lọ, ẹran ara rẹ̀ ti ń kú. Ẹ má fi aṣọ gbígbóná kàn án, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ajá náà lọ. Ẹ má fi abẹ la ọmú tó gbọyún nílé. Awọ tó kú lè ré dànù kí ó fi ojú egbò ńlá sílẹ̀. Ó ń banilẹ́rù, àmọ́ bí dókítà bá ń tọ́jú rẹ̀, ó máa ń jiná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ṣé kí àwọn ọmọ ṣì máa mu ún? Bí ìyá bá ṣì ń jẹun, tí omi ọmú náà kò di ọyún, tí oògùn tó ń lò kò sì léwu fún ọmọ, fífà wọn ń ràn án lọ́wọ́ láti tú. Bó bá di ọyún, tàbí tó dúdú, ẹ bo ọmú yẹn. Síńgílẹ́ẹ̀tì ọmọdé tí ẹ dá ihò ẹsẹ̀ sí tó bò ó, kí àwọn ọmọ máa fa ìyókù. Bí ìyá bá ti dùbúlẹ̀ tí kò lè gbé orí, ẹ gba gbogbo ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oògùn

Hóró oògùn pupa àti yẹ́lò tí wọ́n ń tà nínú àwo lọ́jà, tẹtirasikilíìnì, kì í ṣe ti ajá ọlọ́mọ. Inú omi ọmú ló ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì ń ba eyín àti eegun tó ń hù jẹ́. Jẹntamáísìn àti ẹnirofilọsáṣìn náà kò yẹ ajá tó ń fọ́mọ lọ́mú. Amọsisilíìnì tí wọ́n pò mọ́ kilafulánéètì, tàbí sẹfalẹ́síìnì, ni dókítà ẹran sábà máa ń yàn, ó sì lè tó ọjọ́ 7 sí 14. Ẹ lò ó tán bí ara rẹ̀ bá tilẹ̀ ti yá ní ọjọ́ kẹta. Fún ìrora, ẹ má fún un ní ibupurofẹ́ẹ̀nì, dikilofẹ́náákì tàbí parasítámọ̀ tiyín. Ibupurofẹ́ẹ̀nì máa ń dá ọgbẹ́ sí ikùn ajá, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́.

Ohun tí dókítà máa bi yín ni ìwọ̀n ajá náà, iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn, ìgbóná ara rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, àti ohun tí ẹ ti fún un. Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n ńlá, ẹ gbé ajá dání gun òṣùwọ̀n èèyàn, kí ẹ sì yọ ìwọ̀n tiyín kúrò. Bó bá jẹ́ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lẹ ń gbé e lọ láti Kétu, ẹ fi àwọn ọmọ sínú páálí pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná tí ẹ fi aṣọ wé. Wọn kò gbọ́dọ̀ tutù lójú ọ̀nà.

Oúnjẹ àwọn ọmọ bí ìyá kò bá lè fún wọn lọ́mú

Wàrà màlúù nìkan fúyẹ́ ju omi ọmú ajá lọ. Fún ọjọ́ kan tàbí méjì tí ẹ fi ń wá èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ajá, ẹ po mílílítà 120 wàrà màlúù tí wọn kò yọ ọ̀rá rẹ̀, omi tó ti hó mílílítà 120, pupa ẹyin mẹ́ta, àti ṣíbí tíì méjì òróró. Kò gbọdọ̀ ní ṣúgà. Ẹ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ bí ara ajá.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mílílítà 13 lóòjọ́ fún gíráàmù 100 ìwọ̀n ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, 17. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, 20. Ọmọ tó wọn gíráàmù 300 á mu bí 39 lóòjọ́. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ, ó di bíi márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Sìríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ dára. Àyà ni kí ọmọ dùbúlẹ̀ lé, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ sókè bí ọmọ èèyàn, ẹ̀dọ̀fóró lomi máa wọ̀. Ọmọ tó tutù, ẹ kọ́kọ́ mú un gbóná, torí ikùn rẹ̀ kò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ fi òwú tó tutù díẹ̀ nu abẹ́ àti ìdí rẹ̀ títí tí yóò fi tọ̀, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń lá a.

Oúnjẹ ìyá, àti gìrì

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ajá ọlọ́mọ lè jẹ ìlọ́po méjì sí mẹ́rin ohun tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀kọ àti àjẹkù àmàlà máa ń kún ikùn ni, kò sí omi ọmú nínú wọn. Ẹ fi ẹja, ẹyin sísè, ẹran inú tàbí wàrà Fúlàní tí kò ní iyọ̀ sí i. Ẹ yọ àlùbọ́sà kúrò, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Kí omi mímu máa wà nítòsí orí rẹ̀ tọ̀sán tòru.

Ẹ má fún aboyún ajá ní oògùn kálísíọ̀mù. Ara rẹ̀ á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fa kálísíọ̀mù jáde láti inú eegun, gìrì á sì mú un nígbà tí ọmọ bá ń fà á, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ jù, pàápàá ajá kékeré tó bí ọmọ púpọ̀. Á máa mí helehele, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á le, á máa rìn bí ọ̀mùtí, lẹ́yìn náà ara rẹ̀ á máa gbọ̀n. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ kí ẹ sì gbé e lọ. Abẹ́rẹ́ kálísíọ̀mù tí dókítà ń rọra fún un sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló lè gbà á. Ẹ má rọ ohunkóhun sí ajá tó ń gbọ̀n lẹ́nu.

Jíjá ọmọ lẹ́nu ọmú

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ rírọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kẹta tàbí ìkẹrin, kí wọ́n sì kúrò lẹ́nu ọmú pátápátá láàárín ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkẹjọ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà wọ́n, ẹ má fún ìyá tára rẹ̀ le ní oúnjẹ kankan, omi nìkan. Lọ́jọ́ kejì, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tó ń jẹ kí ó tó lóyún. Lọ́jọ́ kẹta, ìdajì. Lọ́jọ́ kẹrin, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Lọ́jọ́ karùn-ún, gbogbo rẹ̀. Àwọn kan máa ń gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọmú lè tètè gbẹ. Nínú ooru oṣù kẹta ní Sábẹ, ẹ má dán an wò. Ọmú á wú fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi aṣọ tútù lé e, kí ẹ sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bíi tàtẹ̀yìnwá.

Ajá tí kò lóyún rárá náà lè ní omi ọmú, ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lẹ́yìn tó rí nǹkan oṣù rẹ̀. Á máa kó aṣọ jọ bí ẹni fẹ́ bímọ. Ẹ má fún ọmú náà, ẹ má sì jẹ́ kí ó máa lá a. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló máa fi lọ fúnra rẹ̀.

Nígbà tí gbogbo ọmú bá ti gbẹ tán, bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ẹ tún ìlà méjèèjì fọwọ́ bà. Kókó tó ṣì kù níbẹ̀, tó le bí èso ìṣin, tí kò dun ajá náà rárá, kì í ṣe àṣẹ́kù omi ọmú. Ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ, àgàgà lára ajá tó ti dàgbà tí wọn kò yọ ilé ọmọ rẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n ti máa ń gún ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ajá lóyún. Ẹ gbé e lọ nígbà tó ṣì kéré bí èso ẹ̀wà, torí ìgbà yẹn ni iṣẹ́ abẹ rẹ̀ rọrùn jù.